Orí Kẹrin: Ìdáhùn Ẹnu Géètì

"Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ara le?"

Ohùn ìyá àgbà ni wọ́n fi sínú Aṣọ́nà, ẹ̀rọ tó dúró lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ àwọ̀n ìrì ní Òkè Ìdànrè, níbi tí wọ́n ti ń fi àwọ̀n gba omi inú ìrì. Ẹni tó yan ohùn yẹn gbọ́n. Ká ní ohùn ọ̀dọ́ ni, àwọn òṣìṣẹ́ ì bá máa kọjá lára rẹ̀ bí ẹni ń kọjá lára òpó iná. Ṣùgbọ́n ta ni ìyá àgbà máa kí láàárọ̀ tí kò ní dáhùn? Àwọn ọkùnrin á tẹrí ba díẹ̀, àwọn obìnrin á ṣe bí ẹni fẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n á mí sínú ihò kékeré tó wà láyà rẹ̀, wọ́n á ní, "Ara le, a dúpẹ́." Iná àwọ̀ ewé á tàn, géètì á ṣí.

Ìyá Mọpé ló kàn. Ó di irin géètì mú kó tó lè nàró dáadáa. Sálúbàtà ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló wọ̀ wá síbi iṣẹ́, nítorí pé kò sí èyí tó gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ nínú bàtà tirẹ̀. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, ó dà bí ẹni tó sunkún sùn.

"Ara le, a dúpẹ́," ó ní.

Ara ò le. Fẹ̀yìntọlá, tó ni ilé iṣẹ́ náà, dúró nínú ọgbà, ó ń wo ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó sì mọ̀ dájú pé ara ò le. Ìyá Mọpé gbójú sókè, ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin. Fẹ̀yìntọlá yára gbé ojú tirẹ̀ lọ sára iná. Àwọ̀ ewé ni. Ó mí kanlẹ̀. Ojú tì í bó ṣe mí kanlẹ̀ tán, àmọ́ ó ti mí i ná.

Èémí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń mí sí Aṣọ́nà, ibà àti ikọ́ nìkan ló lè bá níbẹ̀. Ìyókù, ẹnu oníkálukú ló ti ń gbọ́ ọ. Ohun tó bá sì gbọ́, ó ń lọ tààrà sí iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera tí gbogbo ayé ń pè ní Ààbò, níbi tí òfin ti sọ pé ìdáhùn ẹnu géètì, ìbúra ni. Ìlú òkèèrè ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà. Wọn ò mọ irú ènìyàn tí a jẹ́. Nílẹ̀ yìí, ẹni tí wọ́n gbé dìgbàdìgbà wọ ilé ìwòsàn, bí o bá bi í pé ara ńkọ́, á ní a dúpẹ́. Ìkíni ló ń dá lóhùn, kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ta ló fẹ́ jókòó ti irin kó máa ṣàlàyé ìyẹn fún un?

Ká wá sọ òótọ́, kì í ṣe ìkíni nìkan ni Ìyá Mọpé ń dá lóhùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ti wá bá Fẹ̀yìntọlá ní ọ́fíìsì, ó jókòó, ó bọ́ bàtà.

"Màdáàmù, ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá fìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ kì í tètè padà. Ìtọ̀ náà ò wá bó ṣe yẹ mọ́. Mo ní kí n sọ fún Aṣọ́nà lọ́la kí wọ́n lè mú mi lọ bá dókítà."

Fẹ̀yìntọlá dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá Mọpé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ ọ́. Oṣù yìí ni wọ́n ń tún adójútòfò gbogbo wa ṣe. Bí iná wa bá pọ́n pẹ́nrẹ́n lóṣù yìí, wọ́n á tú wa ká. Oníkálukú á lọ máa ra adójútòfò adánìkanrà."

"Mo gbọ́, mà."

"Ṣé ẹ mọ bí adánìkanrà ṣe rí? Àìsàn tó bá ti wà lára yín kí ẹ tó rà á, ọdún kan gbáko lẹ máa dúró kí dókítà tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá sì ti dàgbà kọjá ibi tí wọ́n fàlà sí, wọn kì í tà á fún un rárá."

Kò dárúkọ ẹnì kankan. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó dárúkọ. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ̀ pé bàbá màdáàmù wà nílé lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń bá a mí, àti pé abẹ́ adójútòfò ilé iṣẹ́ ni bẹ́ẹ̀dì náà wà. Ìyá Mọpé ti bá wọn gbé ọsàn lọ síbẹ̀ rí láti lọ kí bàbá.

"Ẹ ṣáà fara dà á kí oṣù yìí kọjá," Fẹ̀yìntọlá ní. "Ohun tí gbogbo wa ń sọ ni kẹ́ ẹ máa sọ. Tó bá parí, èmi fúnra mi màá gbé yín lọ."

"Kò burú, mà. Ẹ ṣeun."

Ẹ ṣeun! Obìnrin tó lè bí i lọ́mọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ wíwú náà padà sínú bàtà, ó sì jáde. Fẹ̀yìntọlá ò gbádùn oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́.

Láàárọ̀ tí à ń sọ yìí, oòrùn ò tíì yọ tán nígbà tí Akínfẹnwá, géńdé tó máa ń gun òpó láti ká àwọ̀n, figbe ta láàárín àwọn òpó.

"Màdáàmù! Ẹ wá o! Ìyá Mọpé ti ṣubú o!"

Ibi tó ti ń so ojú àwọ̀n tó ya pọ̀ ló ti ṣubú. Okùn ṣì wà ní ìka rẹ̀. Ìrì tó ti gbára jọ sórí àwọ̀n ń kán sí i lójú, kò sì nu ún. Fẹ̀yìntọlá kúnlẹ̀ tì í, ó fi ìborí rẹ̀ nu ojú náà, ó ń pè é. Ó ń dáhùn, àmọ́ ohùn rẹ̀ jìnnà.

Kò pẹ́ tí Àwòdì Ààbò fi bà sórí àpáta, ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí kò ní awakọ̀, tí ikùn rẹ̀ gba aláìsàn kan àti ẹnì kan tó bá tẹ̀ lé e.

"Ta ló gba aláìsàn yìí síṣẹ́?" Àwòdì béèrè.

Gbogbo wọn wo Fẹ̀yìntọlá.

"Èmi ni."

"Ẹ wọlé."

Ilé ìwòsàn tó wà nísàlẹ̀ òkè ní ilẹ̀kùn méjì. Èyí àkọ́kọ́ ń ṣí fún gbogbo ènìyàn. Gbọ̀ngàn ńlá ló ṣí sí, níbi tí àwọn èrò jókòó sí bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin, tí àwọn nọ́ọ̀sì sì lè fún ọ lómi, kí wọ́n fún ọ ní oògùn ìrora, kí wọ́n bá ọ kẹ́dùn. Òfin ò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn kejì wà nínú lọ́hùn-ún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn dókítà wà.

Wọ́n gbé Ìyá Mọpé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kejì náà. Kò ṣí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá wọn, àmì Ààbò wà láyà ẹ̀wù rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa. "Ẹ kú ìdààmú, mà. Olúṣuyì lorúkọ mi. Èmi ni mo ń ṣojú Ààbò níhìn-ín."

"Ẹ bá wa ṣílẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò lè ṣí i, mà, bẹ́ẹ̀ ni kò wù mí kó tì. Dókítà ti wò wọ́n láti inú ẹ̀rọ. Kíndìnrín wọn ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí, kò sì yẹ kó di ọ̀la kí wọ́n tó gbé wọn sí i." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n Aṣọ́nà yín gbọ́ tí wọ́n ní ara àwọn le láàárọ̀ yìí. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ lánàá. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ń sọ ọ́. Irú ẹsẹ̀ yìí, mà, kò sí bí wọn ò ṣe ní mọ̀. Ẹni tó bá búra irọ́ lẹ́nu géètì, Ààbò ò mọ̀ ọ́n mọ́ nìyẹn."

"Kò sí ọ̀nà mìíràn?"

"Ọ̀kan wà. Ẹni tó bá ti sọ ọ́ fún agbaniṣíṣẹ́ rẹ̀, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Kò fi nǹkan pamọ́. Ilẹ̀kùn á ṣí fún un, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ dé òpin." Ó wo ilẹ̀ kó tó parí rẹ̀. "Àmọ́ agbaniṣíṣẹ́ ló fi pamọ́ nígbà yẹn. Ẹ mọ ohun tí òfin wí nípa ilé iṣẹ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n á tú wọn ká lọ́jọ́ náà gan-an, àti ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀.

"Mo wá gbọ́dọ̀ bi yín, mà. Ṣé wọ́n sọ fún yín?"

Bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀ ló wá sọ́kàn rẹ̀, bó ṣe máa ń wú sókè, tó máa ń lọ sílẹ̀, àti ìró rẹ̀ tó ti mọ́ ọn lára débi pé kò lè sùn sí ibòmíràn. Ó wo Ìyá Mọpé. Obìnrin náà dijú, ó dà bí ẹni tó ti sùn lọ.

"Rárá," Fẹ̀yìntọlá ní. "Wọn ò sọ fún mi. Mi ò mọ̀."

Ìyá Mọpé lajú.

"Òótọ́ ni, ọmọ mi," ó sọ fún Olúṣuyì. "Màdáàmù ò mọ̀. Èmi ni mi ò sọ." Ó wá yí ojú sí Fẹ̀yìntọlá. "Ẹ má bínú, màdáàmù. Mo kó ìtìjú bá yín."

Ooru sọ lára Fẹ̀yìntọlá láti ọrùn títí dé etí. Ká ní obìnrin náà pe irọ́ rẹ̀ ní irọ́, ì bá jà, ì bá wí àwíjàre, ó kéré tán ì bá rí nǹkan sọ. Ẹ̀bẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ ẹni tó ń tì í sí kòtò.

Olúṣuyì wo àwọn méjèèjì fún ìgbà díẹ̀. Kò jọ pé ó gbà wọ́n gbọ́, kò sì sọ pé òun ò gbà. "Aláìsàn mìíràn wà lókè tí mo fẹ́ lọ wò," ó ní. "Tí mo bá padà dé, màá fi ohùn yín ránṣẹ́, mà. Tó bá ti lọ, kò ṣeé yí padà mọ́." Ó rọra rìn lọ, bí ẹni tí kò kánjú rárá.

Fẹ̀yìntọlá fa àga, ó jókòó. Kò lè wo ojú Ìyá Mọpé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò, ibi tí ọ̀já sálúbàtà ọkùnrin náà ti wọnú ẹran ara lọ.

"Kí ló dé tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀?" ó béèrè.

"Kí ni kí n sọ? Ẹ ti sọ tiyín. Ṣé kí n wá pe màdáàmù mi ní onírọ́ lójú àlejò ni?" Ó mí díẹ̀ kó tó máa bọ́rọ̀ lọ. "Ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà yín. Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

"Ìyá Mọpé, ẹ má wí bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Bàbá ńkọ́, mà? Ṣé ara wọn le?"

Ìdáhùn ti dé ẹnu Fẹ̀yìntọlá. Ó ti wà níbẹ̀ láti kékeré, kò sí ẹni tó ń ronú kó tó sọ ọ́. Ara wọn le, wọ́n dúpẹ́. Ó la ẹnu, kò jáde. Nítorí pé ara bàbá le lóòótọ́, ó le láàárọ̀ yìí, ohun tó sì mú un le ló dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀ yìí tó ń béèrè àlàáfíà bàbá náà. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Kò sí ibi tí ilẹ̀ ti ń lanu fún irú wa. Ó dìde, ó sáré lọ sídìí àtẹ̀gùn.

Olúṣuyì wà lórí àtẹ̀gùn. Kò tíì gòkè lọ rárá.

"Wọ́n sọ fún mi," Fẹ̀yìntọlá ní. "Wọ́n sọ fún mi, èmi ni mo purọ́."

"Iwájú ilẹ̀kùn lẹ ti máa sọ ọ́, mà. Òun ló máa gbọ́ ọ." Ó dà bí ẹni pé ó ń ṣàánú rẹ̀. "Ẹ ní láti gbé ohùn sókè."

Ó padà lọ dúró níwájú ilẹ̀kùn kejì. Èrò pọ̀ nínú gbọ̀ngàn náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì wà nínú wọn, àwọn tó máa ń kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó máa ń ní màdáàmù yìí mà ń tọ́jú òṣìṣẹ́ o.

"Ìyá Mọpé sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé ara òun ò yá," ó ní. "Ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ hàn mí. Èmi ni mo ní kó máa sọ pé ara òun le."

"Ẹ tún un sọ," ilẹ̀kùn ní. Ohùn ìyá àgbà kan náà ni wọ́n fi sínú rẹ̀.

Ó tún un sọ. Ẹnì kan pòṣé lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, àwọn nọ́ọ̀sì méjì sì ti Ìyá Mọpé wọlé kíá. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lókè, kò yé Fẹ̀yìntọlá bóyá ó ń juwọ́ sí i ni àbí ó ń lé e. Ẹ̀gbà Ààbò, tí gbogbo ẹni tó ní adójútòfò ń wọ̀ sọ́wọ́, èyí tó wà lọ́rùn ọwọ́ Fẹ̀yìntọlá fúnra rẹ̀ tan iná pupa lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú.

"Bẹ́ẹ̀dì tó wà nílé yín á ṣì máa ṣiṣẹ́ títí oṣù á fi parí," Olúṣuyì ní. "Ìyẹn ni gbogbo ohun tí òfin fi sílẹ̀, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́."

Ẹsẹ̀ ló fi gun òkè padà, Àwòdì kì í gbé ẹni tí ẹ̀gbà rẹ̀ ti kú. Ó ti rí iná pupa Aṣọ́nà láti ìsàlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró níta géètì, gbogbo wọn, ẹnì kankan ò sì jókòó. Aṣọ́nà ò kí i. Kò ní ìdí láti kí i mọ́.

"Màdáàmù, kí ló pọ́n yìí?" Akínfẹnwá béèrè. Ẹ̀gbà ọwọ́ tirẹ̀ náà ti kú, ó ń fi àtàǹpàkò nù ún bóyá á tún tàn.

Ó sọ fún wọn. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan bò.

"Ìyàwó mi máa bímọ lóṣù tó ń bọ̀," Akínfẹnwá ní.

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ní ká máa sọ pé ara le. Mo sọ ọ́ tòun ti eyín tó ń ro mí. Mo sọ ọ́ lójoojúmọ́."

"Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ máa sọ ọ́, Akínfẹnwá. Mi ò mọ bí màá ṣe bẹ̀ yín."

Akínfẹnwá jáwọ́ nínú ẹ̀gbà náà. "Ṣé Ìyá Mọpé ráyè wọlé?"

"Wọ́n ti wọlé."

"Hẹn-ẹ́n." Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó kọjá lára Fẹ̀yìntọlá láìní ó dàárọ̀, láìní a ó ríra, àwọn ìyókù sì tò tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Akínfẹnwá, tí kì í kọjá lára ewúrẹ́ láìkí i! Fẹ̀yìntọlá dúró síbi tó wà, ojú rẹ̀ nílẹ̀, títí ẹni tó kẹ́yìn fi kọjá. Wọn ò bú u. Ì bá dùn mọ́ ọn ká ní wọ́n bú u.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó délé. Bàbá rẹ̀ wà níbi tó máa ń wà, lẹ́bàá fèrèsé, orí bẹ́ẹ̀dì tó ń wú, tó ń rọ̀. Tíṣà ni láyé ọjọ́un, ó ṣì máa ń wo ènìyàn bí ẹni tó fẹ́ bi í ní ìbéèrè. Fẹ̀yìntọlá kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Bàámi."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé ara le?"

Ó wo bẹ́ẹ̀dì náà. Ó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ lórí aṣọ ìbora.

"Ara ò le, Bàámi."

Ó sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ Ìyá Mọpé, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì tó tì, irọ́ tó pa ní ilé ìwòsàn, iná pupa, oṣù tó ń parí lọ. Bàbá ò dá a dúró. Nígbà tó rò ó tán, bàbá fọwọ́ tẹ etí bẹ́ẹ̀dì náà.

"Bẹ́ẹ̀dì ti sọ fún mi láti ọ̀sán," ó ní. "Ó ní ó ku ìgbà díẹ̀, ó sì ní ìwọ lo fà á. Mo kàn ń dúró kí n gbọ́ bí o ṣe máa dá mi lóhùn ni."

"Ojú ń tì mí, Bàámi."

"Ó yẹ kó tì ọ́." Ó nawọ́, ó gbé e lé orí rẹ̀. "Ojú ń ti èmi náà. Ìwọ lo pa irọ́ yẹn, èmi ni mo ń fi í mí."

Fẹ̀yìntọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń gbọ́ bó ṣe ń bá bàbá rẹ̀ mí.